Bí Omi Ṣe Gba Inú Eérú Kọjá ní Ẹnu Ọwá

Láti ọjọ́ tí mo ti ti Èkó dé, n kò lè lọ pọn omi kí n tètè padà mọ́. Bí mo bá ti sọ agbè kalẹ̀ létí odò, ẹnìkan á ní kí n kọ́kọ́ sọ ti afárá. Bí mo bá sọ ti afárá tán, ẹlòmíràn á ní ti àwọn òyìnbó ńkọ́. Bàbá ìjọ wa ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kí ẹnu mi lè sinmi. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí ilé aláràbarà púpọ̀ níbí o, nítorí ìkòkò eérú ni mo lọ wò ní Èkó, ìdí ìkòkò náà ni mo sì jókòó sí jù.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ìyá wa, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ìsàlẹ̀ ọjà. Ẹ mọ bí ó ti máa ń dán ọṣẹ wò: yóò fi fọ ojú ara rẹ̀ láìdijú. Bí ọṣẹ náà bá ta á lójú, kò ní jẹ́ kí ó kúrò nílé. Ọṣẹ tó gbà dáadáa, tí àdín àti omi eérú inú rẹ̀ di ọ̀kan, kì í ta lójú. Ohun tó fi kọ́ èmi àti Fọlákẹ́ àbúrò mi nìyẹn kí a tó mọ ìwé kà. Èmi lọ di tíṣà, mo fi ọṣẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé. Fọlákẹ́ ni iṣẹ́ náà wọ̀ lára. Nígbà tí ó wá fẹ́ Bùràímọ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá àwọn tí ń ra kòkó wá sí ìlú wa, a rò pé ọṣẹ Èkìtì ti dé Èkó nìyẹn.

Kò rí bí a ti rò. Awakọ̀ kan mú iṣẹ́ wá pé Fọlákẹ́ ní ọṣẹ òun kò gbà ní Èkó, pé ó ń bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ léraléra, pé òun kò lè máa jókòó lásán nílé ọkọ bí àlejò, òun ń bọ̀ wálé tòun tọmọ. Ìyá wa gbọ́, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a jẹun tán. Ó wá di eérú èèpo kòkó ẹ̀kún àpò kan, ó pè mí, nítorí ọlidé ni a wà.

"Lọ bá a ṣe é," ni ó wí. "Bí ọṣẹ bá gbà, fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Bí kò bá gbà, mú ọmọ mi bọ̀ wá fún mi."

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi ń fẹ́ kí n mú un bọ̀. Ilé ti dá láti ọjọ́ tí ó ti lọ, kò sì sí ẹni tí mo lè bá rẹ́rìn-ín lóru mọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ́ ọmọ ọlọ́ṣẹ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Èkó sọ pé ọṣẹ wa kò dára. Inú méjì yìí ni mo gbé wọ ọkọ̀.

Ìyá Eérú

N kò ní fi ọ̀nà yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ti wọ bọ̀lẹ̀kájà rí mọ bí ìdí ti máa ń rí. Ohun tó mú tèmi yàtọ̀ ni pé àpò mi ya díẹ̀ létí, bí ọkọ̀ bá sì ti bọ́ sí kòtò, eérú á tú yẹ́ẹ́. Ẹni kan á sín, ẹnìkejì á sín, títí yóò fi kan awakọ̀. Bàbá arúgbó kan bi mí bóyá oògùn ni. Mo ní ọṣẹ ni. Ó ní ọṣẹ wo ló ń sọ ènìyàn di funfun báyìí? Kí a tó kúrò ní Ìbàdàn, gbogbo ọkọ̀ ti sọ mí ní Ìyá Eérú, ìyá olóbì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ti fi ìborùn rẹ̀ dí ojú àpò náà fún mi. Ìjà àyè ìjókòó tí èmi àti òun ti jà láàárọ̀, a ò rántí rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a gun orí afárá, n kò kọ́kọ́ rí ilé kankan. Omi ni mo rí. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ọkọ̀ ojú omi ń lọ lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń tò síwájú ìsun nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo ní àwọn ará Èkó wọ̀nyí kò lè bá ara wọn jà létí odò láéláé. N kò tíì rí ẹ̀rọ omi wọn nígbà náà.

Ilé Ìyá Àgbà

Ẹnu Ọwá ni ilé Bùràímọ̀ wà, nítòsí ààfin. Agboolé ńlá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ìparí rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìyá Bùràímọ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé wa, a kì í fi 'ẹ' bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀, 'o' ni à ń lò? Bí mo ti ń kí ìyá wa ni mo ṣe kí wọn. Gbogbo ojú tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi. Fọlákẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo tún kúnlẹ̀, mo tún kí wọn lọ́nà ti Èkó. Ìyá Àgbà wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n wo eérú tó wà ní irun mi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé fún mi ní omi.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé wá ni ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí akàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. N kò rí akàn jẹ rí. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wọlé sí i. Àwọn ọmọ ilé to ara wọn sí ògiri, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo eégún. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n mú akàn náà, wọ́n fọ́ ọ fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n padà síbi ẹní wọn. Ó dùn débi pé mo lá ọwọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo tún ṣìṣe. Mo rí kẹ́tù kékeré kan tó ń dán níbi ìwẹ̀, mo bu omi sínú rẹ̀, mo fi ń fọ ẹnu. Ni Fọlákẹ́ bá sáré já a gbà. Bútà tí Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá ni, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Mo ń retí èébú. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ kò ju pé, "Ará òkè ni, kò mọ̀." Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Lọ́jọ́ náà ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ ti le tó. Ẹ̀yìnkùlé ilé náà ni Ìyá Àgbà ti fún Fọlákẹ́ láti máa fi ṣe ọṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fọlákẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń lọ sílé, wọ́n ní kò burú, wọ́n ti pe bírìkìlà kí ó wá kọ́ yàrá síbẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bùràímọ̀ ọkọ rẹ̀ kò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ṣe ni ó ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní wáàfù, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, dé lálẹ́, tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, tí yóò máa rìn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Àǹtí, ọṣẹ yẹn á gbà?" Mo ní yóò gbà. N kò rò ó kí n tó sọ ọ́.

Ọbẹ̀ Èkìtì

Ìdánilójú mi pọ̀. Nígbà tí Fọlákẹ́ fi eérú tó ń lò hàn mí, mo fi í rẹ́rìn-ín. Eérú igi etí ọ̀sà tí wọ́n fi ń yan ẹja ni. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà, kí ó jẹ́ kí a lo tilé. A gbé ìkòkò tó ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí, a tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, a da eérú lé e, a gbé e ka orí ìkòkò mìíràn tí yóò máa gba omi tó bá ń kán. Ó kù kí a bu omi sí i kí omi náà mú agbára eérú jáde.

Ọ̀rọ̀ omi wá nìyí. Ní kọ̀rọ̀ òpópónà ni ẹ̀rọ omi wọn wà. O kàn máa yí i ni, omi á tú jáde bí ẹni tí wọ́n lé. Wọ́n ń jà níbẹ̀ ju bí a ti ń jà nílé lọ, ṣùgbọ́n garawa tètè ń kún. Inú mi dùn bí ọmọdé. Nílé, ìyá wa á fi igbá kékeré wọ́n omi sórí eérú, á lọ sí ọjà, á padà wá wọ́n òmíràn, á lọ gé ilá. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo rò pé nítorí odò jìnnà ni. Èmi àti Fọlákẹ́ kò ní í jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. A gbé garawa, a dà á lé e. A gbé òmíràn, a dà á lé e. Omi sì ń jáde nísàlẹ̀ wàrà, a ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí a bá sọ fún ìyá wa pé a ti parí kí oòrùn tó kan àtàrí, kò ní gbà gbọ́.

Omi àkọ́kọ́ pọ́n, ó ta ahọ́n mi gidi. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí dé ìparí, n kò tọ́ ọ wò mọ́. A ra àdín ní Èbúté Èrò, a dáná, a gbé e ka iná, a bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. A rò ó títí apá fi ń ro wá. Àdín léfòó sókè, omi wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn. Àwọn ọmọ ilé wá wò ó, ọ̀kan nínú wọn sọ pé ọbẹ̀ Èkìtì nìyí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ẹnu Ọwá ti gbọ́ pé wọ́n ń se ọbẹ̀ Èkìtì nílé Ìyá Àgbà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó jọ ọbẹ̀ lóòótọ́.

Fọlákẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú àpótí. Ó yẹ kí inú mi dùn, nítorí ó ń bá mi lọ sílé nìyẹn. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò ó bí ó ti ń ká aṣọ, n kò rí ìdùnnú kankan nínú ara mi.

Àtẹ̀gùn Olówógbowó

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kejì, mo lọ jọ́sìn ní Olówógbowó. Bí a ti jáde ni òjò dé, mo sì sá sábẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ kan, níbi tí Ìjẹ̀ṣà oníbàtà kan ti ń jókòó tún bàtà ṣe. Bí ó ti gbọ́ ohùn mi ló ti mọ ibi tí mo ti wá, ó sì fún mi ní àpótí rẹ̀ jókòó. Èkó dùn bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní kí ọ dáadáa lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí òjò bá kó yín jọ, ẹ di ọmọ ìyá.

Níwájú wa ni àtẹ̀gùn símẹ́ńtì kan wà. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń kán sórí rẹ̀ láti etí páànù, ojú kan náà ni ó sì ń kán sí. Ní ojú ibẹ̀, símẹ́ńtì ti jìn, ó ti lu bí ojú ayò. Ìyókù àtẹ̀gùn náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo bi oníbàtà bóyá ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Ó ní omi ni, pé kò tó báyìí nígbà tí òun kọ́kọ́ dé. Ó ní ibi tí ó bá ti jìn, ibẹ̀ náà ni omi ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni ó sì tún ń jẹ sí i.

Mo dìde lójijì, òjò kò tíì dá. Oníbàtà rò pé òun ṣẹ̀ mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká ìró sókè, mo sáré nínú òjò padà sí Ẹnu Ọwá.

Inú ìkòkò

Mo pe Fọlákẹ́, a da ìkòkò eérú náà dojú dé. Eérú náà jáde ní odindi, bí búrẹ́dì tó kúrò nínú páànù. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ihò kan wà láàárín rẹ̀, kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà ekòló láti òkè dé ìdí. Ara ihò náà ti ṣá, mo fi ahọ́n kàn án, kò ní adùn, kò ní títa. Mo wá tọ́ ti ẹ̀gbẹ́ wò, níbi tí kò jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbẹ, ó sì bù mí lẹ́nu jẹ tí mo fi pariwo.

A jókòó ti eérú náà, à ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Kóró kéékèèké ni, ó kéré ju iyanrìn lọ, àlàfo tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí sì wà láàárín kóró kan sí èkejì. Ara kóró wọ̀nyẹn ni ohun tí à ń wá wà. Omi gbọ́dọ̀ dúró tì í díẹ̀ kí ó tó yọ́. Nígbà tí a da omi garawa lé e, omi wá ibi tó rọ̀ jù, ó jẹ díẹ̀ nínú eérú ibẹ̀, àlàfo ibẹ̀ sì fẹ̀ sí i. Bí ó ti fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi púpọ̀ sí i ń gba ibẹ̀, tó tún ń jẹ ẹ́, títí ó fi di ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo omi ń sá gbà. Àwọn kóró tó kù kò tilẹ̀ mọ̀ pé omi dé. Ó dà bí àlejò tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé kọjá, tó kí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà nìkan, tó ní òun ti kí gbogbo ilé.

Fọlákẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni òun ti ń ṣe é látìgbà tí òun ti dé, nítorí ẹ̀rọ omi náà dùn mọ́ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀. Eérú wa kò tíì sọnù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní odindi. A fọ́ ọ kúnná, a tún un tò sínú ìkòkò. Ìṣòro tó kù ni ọwọ́ wa. Igbá kò sí nílé, ife ń da omi jù, èmi tíṣà kò sì ní sùúrù rárá. Bí mo bá wọ́n díẹ̀, ọwọ́ mi á yá, á tún di púpọ̀.

Ìyá Àgbà ti ń ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo ìgbà yìí. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n gbé bútà wọn wá, omi wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀ ń bu omi bí ẹni tí ilé ń jó," ni wọ́n wí. "Omi bútà kan ni mo fi ń ṣe àlùwàlá, kò sì sí ibi tí kì í dé lára mi. Ẹ sún."

A sún. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n tẹ bútà náà díẹ̀, omi rẹ̀ sì jáde tínrín bí òwú. Wọ́n yí i ká ojú eérú, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n fa tẹ̀sùbáà títí eérú fi mu omi náà tán, wọ́n tún gbé e. Ìgbà tí ó rẹ̀ wọ́n, Fọlákẹ́ gbà á. Kò sí ẹni tó sọ pé kí ó má fọwọ́ kàn án. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán nísàlẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ó dúdú bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń tọ́ ọ wò lemọ́lemọ́, ahọ́n mi sì kú fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

A gbé e ka iná lọ́jọ́ kejì. A kò tíì rò ó jìnnà tí àdín àti omi fi mọ ara wọn, ó ki, ó dúdú, ó ń fà tẹ̀lé orógùn. Bùràímọ̀ kò lọ sí wáàfù lọ́jọ́ náà, ó ní inú ń run òun. Nígbà tí ọṣẹ tutù, mo bù ú, mo fẹ́ fi fọ ojú mi, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà na ọwọ́. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu Fọlákẹ́ bí ìyá wa ti ń ṣe. Wọ́n fi ọṣẹ pa ojú, wọ́n la ojú sílẹ̀ kalẹ̀, ìfófò bo wọ́n títí dé àgbọ̀n. 

"Kò ta mí," ni wọ́n wí.

Bírìkìlà dé lẹ́yìn Jímọ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n rẹ̀. Ìyá Àgbà fún un ní ọṣẹ, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Wọ́n wá gbé bútà wọn fún Fọlákẹ́, wọ́n ní ó ti di ti ọṣẹ, àwọn á wá òmíràn. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, kò tètè dìde. Bùràímọ̀ ti bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa gbé eérú kòkó wá láti ọ̀dọ̀ wa. Èmi náà bá wọn yọ̀, tọkàntọkàn ni, mo sì lọ di ẹrù ara mi nìkan.

Ilé

Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ já mi sílẹ̀. Ó kí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni ojú rẹ̀ wà, ó ń wo ẹni tó tún máa sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí lọ, ó ní kí n wọlé wá jẹun.

Mo fún un ní ọṣẹ tí Fọlákẹ́ fi bébà dì fún un. Ó rọra fọwọ́ rà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó lọ sídìí àmù, ó sì fi fọ ojú rẹ̀ láìdijú bí ó ti máa ń ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti máa ń pẹ́ lọ. Nígbà tí ó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó gbà dáadáa," ni ó wí. "Ó kàn ta mí lójú díẹ̀ ni."

Mo gba ọṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà lọ sídìí àmù, mo fi fọ ojú mi láìdijú. Kò ta mí rárá. Mo padà wá jókòó tì í, mo sì sọ fún un pé ó ta èmi náà.